Òrùlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, balùwẹ̀ kejì di ahoro: bí wọ́n ṣe yanjú ìjà owó láàrin onílé àti agbaṣẹ́ṣe kan ní Ìkòròdú

Ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní agbègbè Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ilé náà. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, balùwẹ̀ méjèèjì ti gbó, ògiri ilé ìdáná sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní oṣù kọkànlá 2023, ẹnì kan nínú ìjọ rẹ̀ mú agbaṣẹ́ṣe kan wá. Ọkùnrin náà wo ilé yíká, ó lọ sílé, ó sì fi ìwé iye owó ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ₦4,200,000, ohun èlò àti owó iṣẹ́ lápapọ̀. Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé náà. Òrùlé ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó 110 mítà onígun mẹ́rin, ₦1,500,000. Ilé ìdáná, táìlì ilẹ̀ àti ti ògiri, kọ́bọ́ọ̀dù àti síǹkì, ₦1,300,000. Balùwẹ̀ méjì, ₦600,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páìpù omi tuntun láti táǹkì wọlé, ₦200,000.

Ìwé yẹn kò burú tó bí èèyàn ṣe lè rò. Ó sàn ju "ẹ mú mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ wá, màá bá yín ṣe gbogbo ẹ̀" lọ, torí ó ya owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló sì gba àwọn méjèèjì sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọn ò kọ ìgbà tí owó wo máa jáde. Wọn ò kọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọjà bá gbówó lórí. Wọn ò sì kọ ọ́ pé kí onílé di kọ́bọ̀ kan mú títí iṣẹ́ á fi parí.

Owó wá ń jáde bí agbaṣẹ́ṣe bá ṣe pè. Ìyá onílé san ₦2,000,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, kí wọ́n tó yọ páànù àtijọ́ kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí páànù tuntun balẹ̀ sí àgbàlá, ó san ₦1,000,000 sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, ó tún fi ₦400,000 ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ di ₦3,400,000, ìyẹn nǹkan bíi náírà 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ kankan kò yọjú mọ́.

Ẹni tó bá wọ ilé náà lọ́jọ́ yẹn máa rí òrùlé tó ti dúró, àmọ́ tí etí rẹ̀ lápá òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó máa rí ilé ìdáná tí wọ́n ti lẹ táìlì sí ògiri rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ kọnkéré lásán, láìsí kọ́bọ́ọ̀dù, láìsí síǹkì. Balùwẹ̀ kan ti parí lójú. Èkejì, wọ́n ti wó táìlì àtijọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwókù nílẹ̀. Páìpù bíi mélòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, wọn ò tíì so ó pọ̀.

Ìyá onílé sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe agbaṣẹ́ṣe, wọ́n mú un jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó tó lọ ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun máa dá ₦1,500,000 padà láàrin oṣù kan. Gbogbo ará ilé rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà wá lọ́yà, lọ́yà rẹ̀ sì fi Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 hàn wọ́n, abala 32, níbi tó ti kà á léèwọ̀ láti mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí ó ṣẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Àgọ́ ọlọ́pàá yọwọ́. Ìwé tó fọwọ́ sí kò ní agbára mọ́, torí ẹ̀rù ló fi fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe dé orí iye tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé agbaṣẹ́ṣe tó ṣì máa ń gbé fóònù tẹ́lẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá wá kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé páálí táìlì mẹ́fà lọ. Ó ní àwìn lòun fi gbà wọ́n lọ́wọ́ oníṣòwò.

Nǹkan kan wà nínú irú ẹjọ́ báyìí tí àwọn tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn kì í tètè rí: onílé máa ń ka ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, kì í ka owó tí kò tíì san. Ọ̀nà tí ìyá onílé fi dé orí ₦1,500,000 rọrùn. Kò rí ilé ìdáná tó parí, kò rí omi, ó bá ro ₦1,300,000 pọ̀ mọ́ ₦200,000. Ó gbàgbé pé táìlì ògiri ilé ìdáná ti wà níbẹ̀, ó sì gbàgbé pé ₦800,000 nínú owó àdéhùn ṣì wà lápò òun. Agbaṣẹ́ṣe náà ní ìṣirò tirẹ̀: ₦600,000 ni ìyá onílé jẹ òun. Ó ní ₦350,000 jẹ́ owó iṣẹ́ àfikún, igi òrùlé tó ti jẹrà tí òun pààrọ̀ àti ìdérí sókéwéè tí òun tún ṣe. Ìyókù ni owó ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ òun fi jókòó lásán, àti ti ìyà àgọ́ ọlọ́pàá.

Níbi tí ẹ̀rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Ìyá onílé kò lè máa wẹ̀ ní balùwẹ̀ tí omi ń dúró nínú rẹ̀. Ó pe alẹ́táìlì mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, alẹ́táìlì yìí ti fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì yọ ìdajì ilẹ̀ balùwẹ̀ tó parí kúrò. Ibi tí ó dé nìyẹn kí lọ́yà obìnrin tí ìyá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tó dé, tó sì dá a dúró.

Ìdajì tó kù tó fún ohun tí wọ́n nílò. Táìlì 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró ni, 27 ló sì wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, nítorí balùwẹ̀ náà jẹ́ mítà 1.8 sí 2.4. Mẹ́rìnlá ló kù. Wọ́n fi ẹyọ owó kan kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí, mẹ́sàn-án nínú wọn sì ń dún bí igbá òfìfo. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè: ìṣù sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo wà láàrin, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní nǹkan kan lábẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, omi á máa wọ abẹ́ táìlì, igun rẹ̀ á sì ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó wúwo bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ìwọ̀n ọlómi sórí ilẹ̀ náà: ẹnu ihò omi ga ju àárín balùwẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ó yẹ kí ilẹ̀ máa rọ sẹ́nu ihò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àtààbọ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Garawa omi kan ni wọ́n dà sílẹ̀, wọ́n jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi náà ò lọ síbì kankan. Wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, wọ́n fi téèpù ìwọ̀n sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó.

Ká ní alẹ́táìlì yẹn parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló máa kù. Agbaṣẹ́ṣe ì bá ní iṣẹ́ òun dára, ẹlòmíràn ló bà á jẹ́.

Lọ́yà náà kọ lẹ́tà ìbéèrè owó, ó fún agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 14. Ìdáhùn tó padà wá ni ₦600,000 tí a ti sọ. Ohun tó wà lọ́kàn lọ́yà ni Small Claims Court ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò kọjá ₦5,000,000 níwájú májísíréètì, tí òfin rẹ̀ sì fẹ́ kí ìdájọ́ jáde láàrin ọgọ́ta ọjọ́. Ibẹ̀ yá, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò nira, oníbàárà sì lè dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni ilé-ẹjọ́ náà ń gbà. "Iṣẹ́ mi ò parí, ẹ bá mi wo iye tó tọ́ sí mi" kì í ṣe gbèsè tó dájú. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé-ẹjọ́ èyíkéyìí, ó pọn dandan kí ẹnì kan lọ wọn iṣẹ́ náà.

Kúàńtítì sọ́fẹ́yọ̀, ẹni tó máa ń wọn iṣẹ́ ilé tó sì máa ń ṣírò iye owó rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí ló wọn ọ́n. ₦60,000 ni owó rẹ̀, wọ́n pín in dọ́gba. Ohun tó ṣe kí ó tó fa téèpù ni gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́: ó mú kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé ìwọ̀n tó bá jáde, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn lórí rẹ̀, iye owó nìkan ni wọ́n lè ṣì máa jà lé lórí. Láìsí ìyẹn, ẹni tí èsì kò bá dùn mọ́ máa ní ó ṣe ojúsàájú. Àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn.

Ó ka táìlì ògiri balùwẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: 89 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 16 lápapọ̀. Agbaṣẹ́ṣe ti ń sọ pé ogún ni. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n parí, báyìí ni ìwé náà kà. Òrùlé, ₦1,500,000, ẹ yọ ₦90,000 tí wọ́n máa fi parí etí apá òsì, ó ku ₦1,410,000. Ilé ìdáná, táìlì ògiri nìkan, ₦380,000. Balùwẹ̀ àkọ́kọ́, ₦600,000, ẹ yọ ₦85,000 tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ó ku ₦515,000. Balùwẹ̀ kejì, iṣẹ́ wíwó nìkan, ₦60,000. Páìpù tó wà nílẹ̀, ₦70,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,435,000.

Ó wá kan iṣẹ́ àfikún. Ìyá onílé ní òun ò bẹ ẹ́ ní iṣẹ́ àfikún kankan. Fọ́tò tí agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́ sí i ní oṣù kìíní ṣì wà lórí fóònù àwọn méjèèjì, igi òrùlé tó ti di ìyẹ̀fun, ìyá náà sì ti fèsì sí i: "Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò jàre." Igi mẹ́rìnlá, oníwọ̀n íǹṣì 2 sí 4, ni wọ́n kà lókè àjà. Pẹ̀lú ìdérí sókéwéè, sọ́fẹ́yọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí ₦165,000, kò sí nǹkan tó jọ ₦350,000. Owó ọjọ́ ìjókòó kò ní ìpìlẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló kúrò níbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ tó ṣe wá di ₦2,600,000, owó tó gbà jẹ́ ₦3,400,000, ìyàtọ̀ jẹ́ ₦800,000. Ẹ lè gbà á láti òdìkejì: iṣẹ́ tí kò ṣe jẹ́ ₦1,765,000, ẹ yọ ₦800,000 tí ìyá onílé kò tíì san, ẹ tún yọ ₦165,000 iṣẹ́ àfikún, ibì kan náà lẹ máa dé. Ó dára kéèyàn ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjèèjì níwájú àwọn tó ń jà, torí ọ̀nà kejì ni onílé máa ń gbọ́ yé.

₦400,000 àti ohùn ìṣẹ́jú àáyá 21

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Citizens' Mediation Centre, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá. Ìdí tí lọ́yà fi yàn án dípò ilé-ẹjọ́ ni pé agbaṣẹ́ṣe náà kò ní owó oṣù, kò sì ní dúkìá kankan tí wọ́n mọ̀. Ìdájọ́ lè jáde kó má mú kọ́bọ̀ kan wá sílé.

Ìjókòó àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú. Agbaṣẹ́ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní: "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí." Ìyá onílé ò wo ibi tó wà. "Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ni mo bá ọ ṣe àdéhùn," ló fi dá a lóhùn. Ohun tí alárinà ṣe níbẹ̀ dára: kò bẹ ìyá náà pé kó dárí jì í, kò sì bá agbaṣẹ́ṣe wí. Ó ní kó dìde jókòó, ó gbé ìwé sọ́fẹ́yọ̀ sórí tábìlì, ó ní kí àwọn méjèèjì fi ìka sí ìlà tí wọn ò gbà.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù, kò sì sí nínú ìwé sọ́fẹ́yọ̀ rárá: ₦400,000 ti oṣù kejì. Agbaṣẹ́ṣe ní owó ìgbówólórí ọjà ni, ó ti wà lórí ₦4,200,000, kò yẹ kí wọ́n kà á mọ́ owó àdéhùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, ₦400,000 péré ló jẹ, kì í ṣe ₦800,000. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ojú òótọ́. Ní oṣù yẹn gan-an ni àpò sìmẹ́ǹtì kíló 50 fò kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, débi pé Mínísítà fún Iṣẹ́ Òde pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé ní Nàìjíríà nígbà yẹn tí kò jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Sọ́fẹ́yọ̀ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n dáhùn. Ó ṣírò sìmẹ́ǹtì tí iṣẹ́ tó kù máa jẹ, ilẹ̀ ilé ìdáná, ilẹ̀ àti ògiri balùwẹ̀ kejì: kò ju àpò 12 lọ. Kódà bí àpò kọ̀ọ̀kan bá fi ₦5,000 gun ju iye àtẹ̀yìnwá lọ, ₦60,000 ni. Agbaṣẹ́ṣe ní kì í ṣe sìmẹ́ǹtì nìkan, táìlì àti páìpù náà gun. Òótọ́ tún ni. Wọ́n lè wà lórí ìyẹn títí di àṣálẹ́.

Lọ́yà ìyá onílé ló rántí bi ìyá náà bí agbaṣẹ́ṣe ṣe béèrè owó yẹn gan-an. Ìyá náà ní ohùn ló fi ránṣẹ́. Ó wá a lórí fóònù rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i láàárín fọ́tò ìsìn àti àdúrà àárọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 21 ni. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi mú sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ kó tó tún gbówó lé e, a máa yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ san ìyókù." A máa yọ ọ́. Owó àsansílẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, kì í ṣe àfikún. Agbaṣẹ́ṣe wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹni tó jókòó pé ilé mìíràn lòun fi owó náà parí, pé òun rò pé òun máa rí ti ilé yẹn gbà kí òun padà sí Ìkòròdú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn: owó ilé kejì ló ń parí ti àkọ́kọ́, owó ilé kẹta ló ń parí ti èkejì, ẹni tó bá wà ní ìparí ìlà ni nǹkan máa ń já lé lórí.

Ìjókòó kejì lọ sórí bí ó ṣe máa san án. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ padà wá parí iṣẹ́ náà dípò owó. Ìyá onílé kọ̀ ọ́, alárinà kò sì rọ̀ ọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti kú, ẹni tó padà wá ń ṣiṣẹ́ gbèsè kì í fi ọwọ́ tó dára ṣe é. Ó gbà láti dá páálí táìlì mẹ́fà náà padà, wọ́n kà wọ́n sí ₦16,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦96,000, gbèsè wá ku ₦704,000. Ó san ₦200,000 lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó sì kù kó máa san ₦168,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìwé yẹn ló mú un ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, agbaṣẹ́ṣe kọ ọ́ pé òun jẹ ₦704,000. Kò kọ "màá san" nìkan, ó kọ "mo jẹ". Bí ó bá yẹ àdéhùn, gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ti wà nílẹ̀ tí Small Claims Court lè gbà lójú ẹsẹ̀. Èkejì, bí oṣù kan bá kọjá láìsan, gbogbo ìyókù di ohun tó gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, ọmọ ìjọ tó mú un wá ní ìbẹ̀rẹ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Wọ́n sì fa ìwé àgọ́ ọlọ́pàá ya níbẹ̀.

Owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti ìkejì wọlé lásìkò. Ti oṣù tó gbẹ̀yìn fi ọjọ́ mọ́kànlá pẹ́. Lọ́yà kò kọ lẹ́tà, kò sì pe agbaṣẹ́ṣe. Onígbọ̀wọ́ ló pè, lẹ́ẹ̀kan péré. Owó náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àdéhùn tí ìyá onílé bá alẹ́táìlì tuntun ṣe wà lórí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ìyá náà ló ń ra ohun èlò fúnra rẹ̀, owó iṣẹ́ nìkan ló ń fún alẹ́táìlì, ó sì ń san án bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá parí: ilẹ̀ balùwẹ̀ àkọ́kọ́, balùwẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà ilẹ̀ ilé ìdáná. Nínú owó kọ̀ọ̀kan, ó di ìdá kan nínú mẹ́wàá mú fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, ó máa da garawa omi kan sílẹ̀, á fi ẹyọ owó kan táìlì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ihò omi, á sì wo bí omi ṣe ń lọ. Ní balùwẹ̀ kejì, táìlì méjì dún òfìfo. Alẹ́táìlì yọ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó tún wọn lẹ̀, ìyá onílé sì dúró ọjọ́ mẹ́ta sí i kó tó fún un ní ìyókù.